Aṣọ́lé ní Àjàṣẹ́: Láti Orí Zangbeto dé Orí Kámẹ́rà

Ìlú tí àwọn Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn oníṣòwò Pọtogí sì sọ ní Porto-Novo ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú etí ọ̀sà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé lóru ti di oyè, tí ó ti di ẹgbẹ́ awo, tí ó sì ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Lónìí, ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn ìlú náà, lọ́nà Ouando tàbí lọ́nà Adjarra, yóò bá ara rẹ̀ níwájú àtẹ tí wọ́n pa kámẹ́rà aṣọ́lé sí, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń kàn mọ́ ògiri kí ó lè máa ya àwòrán ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ sórí fóònù onílé. Olùtajà yóò máa ka orúkọ fún un: Hikvision, Dahua, EZVIZ, Imou, Tapo. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú yìí ti ń yan láàrin oríṣiríṣi aṣọ́lé tí ń bá ara wọn du iṣẹ́. Ìtàn yíyàn náà sì fi hàn pé bí ojú aṣọ́lé ṣe mú tó kọ́ ni ìlú fi ń mọ èyí tí ó dára. Ẹni tí aṣọ́lé ń jábọ̀ fún ni wọ́n máa ń wò.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àdúgbò Accron sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, àti pé wọ́n rí abàmì ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án kan tí ó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, èyí tí wọ́n kọ́ ojúbọ fún, tí a sì ń pè ní Abori Mẹ́sàn-án títí di òní. Lẹ́yìn wọn, ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni Tè-Agbanlin dé láti Allada pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn ìjà oyè, tí ó sì dá ìjọba Ègùn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ànàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ìlú náà, àti Ègùn ti ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, tí ìran kọ̀ọ̀kan sì mú ọgbọ́n ìṣọ́lé tirẹ̀ wá. Àwọn Ègùn a máa gbé Legba sí ẹnu-ọ̀nà agbo ilé, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń gbé Èṣù síta, nítorí pé ẹnu-ọ̀nà ni ibi tí rere àti ibi ń gbà wọlé. Àwọn Yorùbá ní àálè, ìyẹn àmì tí wọ́n máa ń so mọ́ ohun ìní tí kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀: kùùkù àgbàdo, àkísà pupa, àfọ́kù igbá tàbí bàtà àlòkù tí a fi okùn kọ́ sórí igi tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ìdì igi ìdáná. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé ẹrù náà ní olówó, àti pé ohun tí yóò bá olè kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ. Àálè kò lè ké, kò sì lè di ẹnikẹ́ni mú. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú pé olè àti olóhun gba ohun kan náà gbọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé láàrin ará ilé ni ó ti wúlò jù, ó sì di nǹkan yẹpẹrẹ lójú àlejò tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Agbo ilé fúnra rẹ̀ ni ààbò kejì. Àwọn ilé àtijọ́ ní Porto-Novo sún mọ́ ara wọn, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà láàrin wọn, tí ẹni tí yóò bá dé inú yàrá ìyá àgbà kan ní láti kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn ìyàwó ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ojúde tí àwọn agbo ilé kan pín láàrin ara wọn, tí ojúbọ ìdílé sábà máa ń wà níbẹ̀, jẹ́ ibi tí àgbàlagbà kì í tán láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọ̀sán, kò sí àlejò tí yóò wọ irú ibẹ̀ kí ẹnìkan má bi í pé ta ni ó ń wá. Òru ni ìṣòro wà, òru náà sì ni Zangbeto gbà.

Zangbeto, tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ òru lédè Ègùn, jẹ́ ẹgbẹ́ awo àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ wọn ni láti máa rìn káàkiri àdúgbò láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa títí di ìdájí. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ jù lọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ so ó mọ́ Tè-Agbanlin: wọ́n ní nígbà tí ó ń sá bọ̀ láti Allada tí àwọn ọ̀tá sì ń lépa rẹ̀, ó fi ìko àti ewé gbígbẹ bora, ó fi ìwo ẹran pa ohùn dà, àwọn tí ń lé e sì gbà pé iwin ni, wọ́n sá padà. Ẹwà ìtàn náà ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ, àmọ́ ó tọ́ka sí ohun kan tí gbogbo ẹni tí ó mọ Zangbeto yóò jẹ́rìí sí, pé ẹ̀rù ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ju kùmọ̀ lọ. Kò yẹ kí a da á pọ̀ mọ́ Eégún, tí Ànàgó ìlú náà ní tiwọn, nítorí pé ará ọ̀run tí ó padà wá bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò ni Eégún jẹ́, tí Zangbeto sì jẹ́ ẹ̀mí òru tí a fi iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lé lọ́wọ́. Ó súnmọ́ Orò ní ti pé àwọn méjèèjì ń fi ohùn ṣe ìjọba, tí ẹni tí kì í ṣe awo sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé nígbà tí wọ́n bá ń rìn. Ìyàtọ̀ ni pé Orò ní ìgbà tirẹ̀ nínú ọdún, Zangbeto sì lè jáde lóru èyíkéyìí.

Ẹ̀wù rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìko tàbí koríko gbígbẹ ni, tí a tò ní ìpele sórí ìpele láti òkè dé ilẹ̀, tí ó fi ga ju ènìyàn lọ, tí kò sì sí ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí ojú tí a lè rí lára rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n a pa á láró pupa, búlúù àti àwọ̀ ìyeyè, wọ́n a sì fi ère kékeré tàbí ìwo dé e lórí. Nígbà tí ó bá jáde lọ́sàn-án fún ọdún tàbí ìnáwó, àwọn ọmọ awo tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ máa ń darí rẹ̀, ó ń yí bíríbírí, ìko rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, eruku ń sọ, ìlù àti orin kò dákẹ́. Wọ́n a wá dojú rẹ̀ dé lójú gbogbo ènìyàn láti fi hàn pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, tàbí pé ìjàpá tàbí ẹranko mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Eré ọ̀sán nìyẹn. Lóru, kò sí ẹni tí ó ń wo ẹ̀wù. Ohùn tí ó há, tí ó le, tí ó ń ti òkèèrè bọ̀, àti ìró ìwo, ni onílé ń gbọ́ lórí ẹní rẹ̀, tí ó fi ń mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ti kọjá.

Bí wọ́n bá mú olè, ilé Zangbeto tí ó wà ní àdúgbò ni wọ́n máa ń mú un lọ, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, tí a ń pe olórí wọn ní Zangan, yóò ti gbọ́ ẹjọ́, tí olóhun yóò sì ti wá wo ohun tí wọ́n gbà padà. Owó ìtanràn àti ọtí ni ìjìyà tí ó wọ́pọ̀, ìtìjú sì wà lórí rẹ̀, nítorí pé ìdílé olè yóò mọ̀. Àṣà ìlú náà tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí ga débi pé wọ́n pín ìjọba sí méjì: ọba tí ó wà ní ààfin Honmè ni ó ni ọ̀sán, olóyè tí a ń pè ní Zounon sì ni ọba òru. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ètò yìí ni pé bí a kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó wà nínú ìko, a mọ ilé tí ó ti jáde, a mọ Zangan tí ó rán an, a sì mọ ibi tí a lè lọ fẹjọ́ sùn bí ẹ̀ṣọ́ bá ṣìwà hù. Ojú pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dáhùn fún un kò pamọ́.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré o. Obìnrin, tí ó sábà máa ń jẹ́ olówó ọjà àti olówó ilé ní ìlú oníṣòwò bí Porto-Novo, kò sí nínú awo náà, kò sì ní ẹnu nínú ìdájọ́ rẹ̀. Àlejò tí ó dé lẹ́yìn ìgbà tí òru ti wọ̀ lè bá ìyà tí kò ṣẹ̀ sí pàdé. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wo inú rẹ̀ lè di ohun èlò ìjà láàrin ìdílé méjì, kí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀tá Zangan sì di olè ní òru kan ṣoṣo. Síbẹ̀, kò sí ilé kan tí ó lè fi owó ra Zangbeto ní tirẹ̀ nìkan. Àdúgbò ni ó ń ṣọ́, tálákà àti olówó inú rẹ̀ sì ń sùn lábẹ́ ìwo kan náà. Ó tàn dé Ouidah, Badagry àti etí òkun Togo, níbikíbi tí Ègùn àti àwọn ìbátan wọn bá ń gbé.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀ṣọ́ mìíràn wọ ìlú. Ní ọdún 1861 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Porto-Novo, ní 1863 ọba Sodji gba ààbò Faransé, Toffa tí ó jọba láti 1874 sì tún àdéhùn náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, nítorí ìbẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó àti ti Abomey tí ó wà lókè. Nígbà tí ó fi di 1900, Porto-Novo ti di olú-ìlú ilẹ̀ Dahomey tí Faransé ń ṣàkóso. Toffa sì kú ní 1908. Ọlọ́pàá, túbú àti kóòtù aláwọ̀ funfun wá di ibi tí ẹjọ́ olè gbọ́dọ̀ lọ. Ní àkókò kan náà, àwọn Àgùdà, ìyẹn ọmọ àwọn ẹrú tí ó ti Bràsíl padà àti àwọn oníṣòwò tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn, ń kọ́ ilé alájà pẹ̀lú fèrèsé onípákó, ilẹ̀kùn tí ó nípọn àti kọ́kọ́rọ́ irin. Ààbò irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Ó lè ti ara rẹ̀ mọ́ àdúgbò, èyí tí agbo ilé onílẹ̀kùn mẹ́rin kò lè ṣe.

Ẹ̀ṣọ́ ìjọba kò jábọ̀ fún Zangan tàbí fún ọba. Gómìnà ni ó ń jábọ̀ fún. Ìlú rí èyí kedere ní 1923, nígbà tí àwọn ará Porto-Novo kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n bù lé wọn, tí iṣẹ́ dúró, tí ìjọba amúnisìn sì kó ọmọ ogun wọ ìlú. Wọ́n mú Louis Hunkanrin, akọ̀wé àti ajàjàgbara tí wọ́n kà sí olórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Mauritania. Àwọn tí ó ń ṣọ́ òru nígbà náà kò wá olè. Onílé ni wọ́n ń ṣọ́.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, lọ́nà tirẹ̀. Ìjọba Mathieu Kérékou, tí ó gba agbára ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, tí ó sì yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Benin ní 1975, gbógun ti ohun tí ó pè ní ìwà àjẹ́ àti ìjọba àwọn olóyè àtijọ́, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo ìyípadà sílẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun àgbàṣe tí Bob Denard kó wá kọlu Cotonou ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, ẹ̀rù àlejò gba ilẹ̀ kan. Nígbà tí ó fi di 1989 ìjọba náà kò rí owó oṣù san mọ́, àpérò gbogbo ọmọ ilẹ̀ Benin ní oṣù kejì ọdún 1990 sì fi òpin sí àkóso ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Zangbeto tún jáde sójú ayé láìfi ara pamọ́. Ṣùgbọ́n olè ti yàtọ̀: ó ní alùpùpù, ó ní ìbọn, ó sì lè jí ọkọ̀ ní Èkó lálẹ́ kí ó tà á ní ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Jíjí ọkọ̀ gba ẹnu-bodè kọjá burú débi pé ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu-bodè Sèmè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Porto-Novo tí ó ń jẹ lára ọjà Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára. Olè tí ó ti òkèèrè wá kò mọ Zangan, kò sì bẹ̀rù ìko.

Nítorí náà ni ilé tuntun ṣe gba ẹ̀ṣọ́ mìíràn. Ògiri ga sí i, wọ́n lẹ àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, géètì irin dé, ọlọ́dẹ tí a ń san owó oṣù fún sì ń sùn lẹ́nu géètì. Púpọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Benin tàbí láti Niger. Ìjọba ní tirẹ̀ pa ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní gendarmerie pọ̀ di ẹyọ kan, Police républicaine, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018. Ọlọ́dẹ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó ń jábọ̀ fún ilé kan péré. Kámẹ́rà ni ó tẹ̀ lé e, onílé sì ra á pẹ̀lú èrò pé òun nìkan ni yóò máa jábọ̀ fún.

Kámẹ́rà tí ń ṣọ́ nǹkan láti òkèèrè ti wà láti 1942, nígbà tí àwọn ará Jámánì fi í wo bí àdó olóró V-2 ṣe ń gbéra ní Peenemünde láìsí ènìyàn nítòsí. Obìnrin adúláwọ̀ kan ni ó gbé e wọ inú ilé. Marie Van Brittan Brown, nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ní Queens ní New York, tí iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ kì í bá ara mu, tí ó sì máa ń dá wà nílé, béèrè fún ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ìhùmọ̀ rẹ̀ ní 1966, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 1969. Ihò mẹ́rin ni ó wà lára ilẹ̀kùn, kámẹ́rà ń sún láti orí ọ̀kan dé èkejì, àwòrán ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n inú yàrá, onílé lè bá ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì láti ké sí ọlọ́pàá. Nínú ẹ̀rọ yìí, inú ilé ni onílé ti ń wo àwòrán. Ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Axis ní Sweden gbé kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí ó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, láti ìgbà náà ni àwòrán ẹnu-ọ̀nà ti lè rin ìrìn-àjò.

Ìlú Hangzhou ní Ṣáínà ni ó sọ ọjà náà di ti gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Hikvision àti Dahua sílẹ̀ ní 2001, àwọn méjèèjì sì di ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà tí ó tóbi jù lọ láyé. Ẹni tí ó bá dúró níwájú àtẹ yẹ kí ó mọ̀ pé ìdíje tí olùtajà ń ṣàpèjúwe fún un kò pọ̀ tó bí ó ṣe rò, nítorí pé láti inú Hikvision ni EZVIZ ti jáde, tí Imou sì jáde láti inú Dahua. Ìdílé méjì ni àwọn mẹ́rin náà, èyí tí ó wà fún ilé-iṣẹ́ àti báńkì ni ó ń jẹ́ orúkọ bàbá, èyí tí ó wà fún ilé kékeré sì ń jẹ́ orúkọ ọmọ. Tapo jẹ́ ti TP-Link, tí àwọn ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi. Ring tí ó jẹ́ ti Amazon àti Nest tí ó jẹ́ ti Google, tí àwọn ìbátan tí ó wà ní Amẹ́ríkà máa ń yìn, ni a ṣe fún ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já, tí onílé rẹ̀ sì lè máa san owó oṣooṣù pẹ̀lú káàdì báńkì kí wọ́n tó lè bá a tọ́jú àwòrán. Ìlò wọn ní Porto-Novo kò lè fi bẹ́ẹ̀ gún.

Ibi tí àwòrán ń sùn ni ìyàtọ̀ gidi wà láàrin wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni mẹ́mọ́rì káàdì, pélébé kékeré tí ó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, tí olè tí ó bá já kámẹ́rà náà gbé lọ yóò gbé ẹ̀rí lọ pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì ni àpótí tí ń gba àwòrán sílẹ̀, tí wáyà so mọ́ kámẹ́rà mẹ́rin tàbí mẹ́jọ, tí a lè fi pamọ́ sí yàrá tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, tí ó wà lókè òkun, tí a ń san owó oṣù fún. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ní orílẹ̀-èdè tí ó fi ọdún gbọọrọ gbójú lé iná tí ó ń bọ̀ láti ìsédò Akosombo ní Ghana, tí ọ̀dá sì mú kí òkùnkùn kún ilẹ̀ ní 1998, ẹ̀kẹta yìí ni ó rọrùn jù láti dákẹ́: iná lọ, Wi-Fi lọ, ojú rẹ̀ fọ́. Kámẹ́rà tí ó ní bátìrì àti pánẹ́lì tí ń gba oòrùn, tí a lè ki káàdì fóònù MTN, Moov tàbí Celtiis bọ̀, ń gbìyànjú láti wo àìsàn náà, ṣùgbọ́n dátà tí ó ń jẹ di owó tí onílé gbọ́dọ̀ kà sí ọ̀wọ́n.

Bí ìlú ṣe ń bi ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ pé ta ni ó rán an, bẹ́ẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bi kámẹ́rà. Ní 2017 àti 2021 ni wọ́n ṣí ihò ńlá payá nínú àwọn ẹ̀rọ Hikvision, tí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè gbà wọ inú kámẹ́rà láìní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà fòfin de fífọwọ́ sí ẹ̀rọ tuntun láti ọ̀dọ̀ Hikvision àti Dahua, nítorí ìbẹ̀rù pé ìjọba Ṣáínà lè gbà á wo inú ilé wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba dáwọ́ gbígbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí ibi tí ó gba ìṣọ́ra dúró. Àwọn tí ó ń ka ẹ̀sùn náà sí wọn lọ́rùn kò mọ́ tónítóní. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ring gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là lẹ́yìn tí àjọ ìṣòwò Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wo fídíò inú yàrá oníbàárà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nǹkan bí oníbàárà 13,000 ti ilé-iṣẹ́ Wyze rí àwòrán inú ilé ẹlòmíràn lórí fóònù wọn.

Èyí tí ó súnmọ́ Porto-Novo jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Liberia. Ní ìparí ọdún 2016, ọ̀dàràn kan tí ó wà ní òkè òkun, tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù kan háyà láti ba ti alábàádíje rẹ̀ jẹ́, kọlu Lonestar, ẹ̀ka MTN ní orílẹ̀-èdè náà, títí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú mọ́ àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Kámẹ́rà aṣọ́lé tí Dahua ṣe, tí ó wà lára ògiri àwọn onílé tí kò mọ nǹkan kan, ni ó kó jọ láti fi ṣe ọmọ ogun. Kóòtù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rán an lẹ́wọ̀n ní 2019. Irú ìkọlù yìí ń rí ọ̀nà nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí kámẹ́rà bá wá láti ilé-iṣẹ́, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ó gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́. Kò sí Zangan tí ó jẹ́ rán ẹ̀ṣọ́ àdúgbò lọ ja ogun ìlú mìíràn láìsọ fún àdúgbò.

Òfin Benin kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique lédè Faransé, ka àwòrán ojú ènìyàn mọ́ àlàyé nípa ara ẹni, ó sì fi ààbò rẹ̀ sábẹ́ àjọ tí a mọ̀ sí APDP. Kámẹ́rà tí ó kọjú sínú àgbàlá onílé jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé. Èyí tí ó kọjú sí títì, sí ojúde tí agbo ilé mẹ́fà pín tàbí sí ilẹ̀kùn aládùúgbò ti wọ inú ọ̀rọ̀ tí òfin lè béèrè. Nínú àdúgbò àtijọ́ tí ọ̀nà ti tẹ́ẹ́rẹ́, kámẹ́rà tí kò ní rí aládùúgbò ṣòro í gbé kọ́, èyí sì jẹ́ ìdí kan tí ó fi pọ̀ ní ẹ̀yìn ìlú ju Accron lọ.

A kò lè sọ pé kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Zangbeto, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Zangbeto a máa lé olè kí ó tó wọlé, kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Kámẹ́rà a máa fi ẹ̀rí sílẹ̀, olè tí ó bo ojú rẹ̀ kò sì ní torí rẹ̀ sá. Ó rí àlejò tí Zangbeto kò lè dẹ́rù bà, ó ń jẹ́ kí obìnrin tí ó ni ilé di olórí ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, kò sì gba ọtí. Ohun tí ó sọnù nínú pàṣípààrọ̀ náà ni àdúgbò: níbi tí kámẹ́rà nìkan ti ń ṣọ́, ilé tí kò lówó kámẹ́rà kò sí lábẹ́ ìwo ẹnikẹ́ni mọ́.

Yíyàn tí ó tọ̀nà fún ilé kan ní Porto-Novo kò wà nínú orúkọ tí a kọ sára páálí. Kámẹ́rà tí ó ń tọ́jú àwòrán sínú àpótí inú ilé, tí bátìrì tàbí oòrùn lè gbé ró bí iná bá lọ, tí ó ń gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é, tí onílé sì lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kàn án mọ́ ògiri, sàn ju èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù lọ ṣùgbọ́n tí ó ń sùn lókè òkun. Kí oníbàárà ní kí olùtajà fi nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí han òun lórí àtẹ, lójú ara rẹ̀. Bí kò bá lè fi wọ́n hàn, kí ó gbé owó rẹ̀ padà sílé.